Kí la máa kọ síbi àbájáde nínú logic model?

Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń ya logic model (àwòrán tó ń fi hàn bí ohun tá a fi sínú ètò àti iṣẹ́ tá a ṣe ṣe máa yọrí sí àyípadà) fún ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbàlagbà. Apá owó, olùkọ́ àti ìwé kò fa wàhálà. Ibi àbájáde la ti ń jiyàn. Ọ̀gá wa kọ “iye èèyàn tó wá sí kíláàsì” síbẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe àyípadà rárá. Kí ẹni tí kò lè ka ara ìgò oògùn tẹ́lẹ̀ máa kà á fúnra rẹ̀, òun ni àbájáde. Báwo la ṣe máa wọ̀n ọ́n? Ṣé ká dán wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn ètò? Ọ̀pọ̀ wọn kórìíra ìdánwò (kò yà mí lẹ́nu). Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé àwa la kọ́ wọn, kì í ṣe ọmọ wọn nílé?