Ẹ gbà mí o, iná ọ́ìlì Corolla mi ń tàn

Ìyá Tèmídire, Abẹ́òkúta: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi. Corolla 2004 ni, owó kóópù ni mo fi rà á, wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Àtìgbà tí mo ti rà á ni àbúrò ọkọ mi ti ń sọ káàkiri ilé pé mi ò mọ ọkọ̀ rà. Ní báyìí, tí mo bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Pánṣẹ́kẹ́, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì á tàn. Tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ sí i, iná á kú. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìn ti lọ, kí n wá tokúnbọ̀ míì ní Ládípọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ ra búrẹ́dì! Níbo ni kí n ti rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Káyọ̀: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ ò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ọ́ìlì wo ló wà nínú ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀pá géèjì tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kún tó yọ, ibo ló dé? Ṣé ẹ ń gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ́ńjìn?

Ọmọ Ìlarò: Ẹ má fi iná yẹn ṣeré o. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lọ́nà Ṣágámù, ó ní òun á ṣáà délé ná. Kò dé Mówé tí kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin kan nínú ẹ́ńjìn, fi já, ó lu bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìn, ọ́ìlì dà sójú títì. Títí dòní ọkọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́yìnkùlé wa, adìyẹ ló ń yé sínú ẹ̀.

Dọ́tun Rewáyà: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, ohun tó ń tan iná yẹn, ló bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìyá Tèmídire: Ọ́ìlì kún dé ojú àmì. 5W-30 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, mẹkáníìkì ló ní ká fi 20W-50, tó ki jù ú lọ, sí i kí iná lè kú. Kò kú. Mi ò gbọ́ kò-kò-kò kankan. Mo sì ń sẹ́fíìsì ọkọ̀ mi ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀gá Akin Mẹkáníìkì: Dọ́tun, sẹ́ńsọ̀ lè bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò yẹ kéèyàn máa méfò sórí ẹ́ńjìn ẹni ẹlẹ́ni. Ṣe ni kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn, kí wọ́n de géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì síbẹ̀, kí ẹ́ńjìn gbóná dáadáa. Ẹ́ńjìn 1ZZ-FE ló wà nínú Corolla yẹn. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìtẹ̀ ẹ́, géèjì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 4.3 psi lọ; tó bá ń yí tó 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan (3,000 rpm), ó yẹ kó wà láàárín 43 sí 78. Tó bá pé, sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Tí kò bá pé, kí wọ́n má gbé e jáde mọ́. Ní ti 20W-50, tó bá jẹ́ pé nǹkan ló dí ọ̀nà ọ́ìlì, èyí tó ki á túbọ̀ ṣòro fún pọ́ńpù láti fà.

Dọ́tun Rewáyà: Ọ̀gá, mélòó nínú wa ló ní géèjì yẹn? Sẹ́ńsọ̀ ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Adùkẹ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ tà á kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọmọ Ìlarò: Kí wọ́n ta àrùn fún ẹlòmíì? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run o.

Bàbá Káyọ̀: Ìyá Tèmídire, mo tún bi yín: ṣé wọ́n tú ohunkóhun kí iná tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Tèmídire: Wọn ò tú ẹ́ńjìn rárá. Ọ́ìlì ló ń jò, wọ́n kàn yọ sọ́ńpù, abọ́ tó ń gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dè é padà. Ìyẹn ò jò mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná bẹ̀rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ yẹn ti parí, kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀gá Akin Mẹkáníìkì: Ó kàn án gan-an ni, mà! Ẹ pa ọkọ̀ yẹn báyìí. Gọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Toyota fúnra wọn ń lò ó síbẹ̀. Ìlà tín-ín-rín ni wọ́n máa ń fà. Tí wọ́n bá kó o lé e gọbọi, á fún sínú, á gbẹ, á já bọ́ sínú ọ́ìlì. Asẹ́ kan wà nínú sọ́ńpù, ẹnu ẹ̀ ni pọ́ńpù ti ń fa ọ́ìlì. Gọ́ọ̀mù á lọ dí i. Kí wọ́n tún sọ́ńpù yọ, kí wọ́n fọ asẹ́ yẹn, fílítà tuntun, 5W-30, bíi lítà 3.7, kí wọ́n sì fi géèjì wọ̀n ọ́n. Tí kò bá gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ká tó sọ̀rọ̀ béárìn àti pọ́ńpù.

Ìyá Tèmídire: Ẹni tó ṣe sọ́ńpù yẹn náà ló ní kí n lọ ra ẹ́ńjìn.

Bàbá Káyọ̀: Ẹ má gbé e padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tú u.

Ìyá Tèmídire: Ẹ káàárọ̀ o. Ẹlòmíì ti tú u lójú mi. Gọ́ọ̀mù eléérú bo asẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi. Nígbà tó gbóná, géèjì ka 11 lójú kan, ó lé ní 50 ní 3,000. Iná ò tàn mọ́. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ó ní ta ló rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ṣé kí n gba owó sọ́ńpù padà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ Ìlarò: Ẹ gbà á!

Ọ̀gá Akin Mẹkáníìkì: Ẹ gbà á, mà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì àti fílítà yìí pẹ́ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ wọn, ẹ̀rún gọ́ọ̀mù lè ṣì kù nínú. Tí iná bá tún ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, ẹ pa á níbi tẹ́ ẹ bá wà, kẹ́ ẹ pè mí.