Ẹ bá mi là á yé ọmọ yìí: kí ló dé tí aago átọ́ọ̀mù fi ń yára lókè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo sọ ní kíláàsì pé bí a bá gbé aago ògiri tí irin rẹ̀ ń fì gun Òkè Ìtasẹ̀, á falẹ̀ díẹ̀, torí òòfà ilẹ̀ dín kù níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, ti átọ́ọ̀mù, èyí tó ń fi ìgbọ̀n átọ́ọ̀mù ka àkókò, ńkọ́? Yíyára lòun ń yára! Lọ́dún 2010, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 péré gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ sì hàn. Mo mọ̀ pé àkókò fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àmọ́ àpẹẹrẹ wo ni mo lè fi yé ọmọ ọdún 15, láìsí ìṣirò ńlá? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni mo máa padà bá wọn.