Re: "ìtọ́jú omi ẹ̀gbin": ta ló ń tọ́jú ẹ̀gbin?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú làákàyè o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ lánàá, pé abúlé kékeré kan lókè òkun ní "ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin" tí kì í jẹ́ kí odò wọn bàjẹ́. Ìtumọ̀ yẹn dùn ún kà, "ìtọ́jú" yẹn nìkan ló há mi lọ́fun.

Mo kà á sí màmá mi létí nílé wa ní Ifẹ̀ níbí, wọ́n ní "wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ṣe kí ni?" Wọn ò jẹ̀bi jàre. A ń tọ́jú owó, a ń tọ́jú àlejò, a ń tọ́jú aláìsàn, ohun téèyàn ò fẹ́ kó bọ́ sọnù la máa ń tọ́jú, ẹ̀gbin wá di ara ẹ̀. "Treatment", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn dókítà ń lò fún aláìsàn, ló tì wá síbẹ̀.

Ẹnìkan ní ká lo "ìwẹ̀nùmọ́". Háà! Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa tipẹ́, ẹ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọn èèyàn ò ní bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Omi balùwẹ̀, ti ilé ìdáná, ti ṣáláńgá, gbogbo ẹ̀ gba páìpù dé, irin tí wọ́n tò bíi ti ojú fèrèsé mú àkísà àti náílọ́ọ̀nù bí asẹ́ ṣe ń mú èèrí, wọ́n dá omi dúró sínú táǹkì títí ìdọ̀tí fi rì sísàlẹ̀, tí omi orí ẹ̀ sì tòrò. Ibi tí wọ́n ti fi ògì sílẹ̀ ni pé wọ́n tún ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà kí àwọn kòkòrò tójú ò lè rí lè ráyè jẹ ìdọ̀tí tó ti yọ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dà á sódò láìṣe bẹ́ẹ̀, inú odò làwọn kòkòrò á ti jẹun, wọ́n á sì fa atẹ́gùn tó yẹ kí ẹja mí tán, ẹja á léfòó. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, oxidation pond ni wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ bá wò ó adágún lásán ni, àmọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú ẹ̀ ló ń gba oòrùn, tó ń fún àwọn kòkòrò ní atẹ́gùn.

Nítorí náà èmi dìbò fún "amómitòrò", bí a ṣe ní amúlétutù. Ìdọ̀tí tó rì sísàlẹ̀ táǹkì, tí wọ́n ń pè ní sludge, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń ṣẹ̀dá? Omi yẹn fúnra ẹ̀, omi àlòkù ni kẹ́ ẹ pè é, torí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní omi lè tòrò kó má mọ́, ṣebí onígbáméjì lè wà nínú omi tó dá ṣáká. Mo gbà. Àti 1912 nìgbìmọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti là á sí méjì: wọ́n ní omi àlòkù tó ń wọ odò ò gbọdọ̀ ní ju 30 mílígíráàmù ìdọ̀tí tí kò tíì rì nínú lítà kan, atẹ́gùn tó sì máa fà láàárín ọjọ́ 5 ò gbọdọ̀ ju 20 lọ, tí omi odò bá tó ìlọ́po 8 ẹ̀ nìyẹn o (odò abúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?). "Tòrò" gbé 30 ti ìdọ̀tí yẹn, kò gbé 20 ti atẹ́gùn. Atẹ́gùn tí àwọn kòkòrò máa fà láti fi jẹ ìdọ̀tí inú omi yẹn, tí wọ́n ń pè ní BOD, mo ti dán "òùngbẹ atẹ́gùn" wò, màmá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní omi wo lòùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tó bá ní òmíràn kó jọ̀ọ́ kó gbé e wá.