Lọ́yà mi ò gbé fóònù mọ́, sabúkéètì ìgbéyàwó mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òfin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbàdàn ni mo wà. Rẹ́jísírì lèmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó, a sì ti pínyà láti 2021. Lọ́yà tí mo gbà fún ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wa sọ pé kóòtù ìbílẹ̀ lòun máa gbé e lọ, pé ibẹ̀ ló yá. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìgbéyàwó rẹ́jísírì, Háì Kóòtù nìkan ló lè tú u ká. Mo ti san ìdajì owó o! Kò fún mi ní rìsíìtì, ẹ̀yìn káàdì ẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Tí mo bá pè é báyìí, á ní òun wà ní kóòtù. Lọ́jọ́ Sátidé?

Báwo ni mo ṣe lè gba fáìlì mi kí n gbé e fún lọ́yà mìíràn? Ṣé owó yẹn ti lọ nìyẹn?