Àbúrò mi ń jẹun, ó sì ń lọ bì í

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nílé wa l'Adó-Èkìtì, àbúrò mi obìnrin á jẹ iyán tán, á yọ́ wọ balùwẹ̀, á ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ká má baà gbọ́ pé ó ń ki ìka bọ ọ̀fun. Mo ti rí àpá eyín lẹ́yìn ìka rẹ̀. Màmá wa ní aràn ni. Kì í ṣe aràn! Èébì àìdábọ̀ ń dín pọtáṣíọ̀mù (èròjà kan tí ọkàn nílò láti lù dáadáa) kù nínú ara, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nọ́ọ̀sì tá a lọ rí kàn ní kó máa jẹun dáadáa ni.

Ṣé ẹnìkan ti rí onímọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn ìkọ́ni ti Ìdó-Èkìtì? Ṣé òun àti dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ jọ máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀? Báwo ni mo ṣe máa bá àbúrò mi sọ ọ́ tí ojú ò fi ní tì í?