Ojú kọ̀ǹpútà ilé wa ń dédé di búlúù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Desktop tòkunbọ̀ kan wà nílé wa, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Òun làwọn ọmọ fi ń dán ìbéèrè JAMB wò, òun ni mo sì fi ń ṣírò owó ọjà mi. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ojú rẹ̀ á dédé di búlúù, ojú kan tó fajúro á yọ, kí n tó kà á tán, ó ti kú, ó sì ti tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà míì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ti fọ́máàtì rẹ̀, kò pẹ́ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá ní hard disk ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ
Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Windows mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni, kí fáìlì yín má baà bàjẹ́, ó sì máa ń kọ ìdí rẹ̀ síwájú "Stop code". Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ sysdm.cpl. Ẹ lọ sí Advanced, lẹ́yìn náà Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ yọ àmì iwájú Automatically restart. Bó bá tún ṣe é, kò ní sáré kú mọ́, ẹ ó ráyè yà á ní fọ́tò. Gbogbo èyí tó bá wá ni kí ẹ yà o.

Àbúrò Abẹ́òkúta
Ẹ ṣí àpótí rẹ̀ wò, mà. Eruku lè ti dí fáànù. Ṣé stabilizer sì wà? Iná wa yìí!

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ
Ó dáa kí ẹ gbọn eruku náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iná tàbí ooru, ó sábà máa ń kú lójijì láìsí ojú búlúù rárá.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Mo ti yà á. Èkíní kọ MEMORY_MANAGEMENT, èkejì PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, òmíràn IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Kò dúró sójú kan, ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ
Ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ driver kan (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà) ló ń dà á láàmú, kóòdù kan náà ló sábà máa ń padà wá, orúkọ fáìlì tó parí sí .sys sì lè bá a wá. Níbi tí fọ́máàtì kò ti ràn án, tí kóòdù sì ń yí padà, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà ná. RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní eyín wúrà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó wá fi èkejì sínú ihò kan náà.

Olùkọ́, Òṣogbo
MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni. Orí flash lẹ máa gbé e sí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ àwọn ọmọ pamọ́ sórí flash mìíràn, torí gbogbo ohun tó wà lórí flash MemTest ló máa pa rẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ọmọ mi ọkùnrin bá mi ṣe é. RAM kìíní mọ́ kedere. Nígbà tó kan èkejì, ìlà pupa lórí ìlà pupa! A ti yọ ọ́ sọnù. 4 GB tó kù là ń lò, kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú búlúù kò wá mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni. Kí ni kí n bi wọ́n bí mo bá dé ọjà?

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ
Ẹ mú èyí tó mọ́ dání, kí ẹ wo bébà ara rẹ̀. Bó bá kọ PC3-12800, DDR3 1600 nìyẹn: DDR3 ni irú RAM náà, 1600 ni bó ṣe yára tó. Bó bá jẹ́ PC3L (DDR3 tí iná tó ń lò kò pọ̀ tó ti PC3), ẹ béèrè èyí tó ní L náà. PC4, ìyẹn DDR4, kò lè wọ ihò DDR3, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá tì í. Ti desktop gùn, kúkúrú ni ti laptop. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé ẹ máa fi MemTest dán an wò mọ́jú, wọ́n á sì gbà á padà bí kò bá dáa.