Ìgboyà, akíkanjú àbí akin: kí la máa pe ohun tí Dethlefsen ṣe?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí àmọ́ ẹnu ń yún mi. Bọ̀dá wa ní Sùúrùlérè tó ń kọ ètò rédíò lórí àwọn páílọ́ọ̀tì ogun ló bèèrè bí òun ṣe lè túmọ̀ gbólóhùn tí wọ́n kọ sí ìwé àmì-ẹ̀yẹ Merlyn Dethlefsen, páílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà kan, pé ó hu ìwà gallantry kọjá ohun tí iṣẹ́ ní kó ṣe. Gallantry yẹn la kọ́kọ́ ń wá orúkọ fún. Ẹ̀gbọ́n Èbúté Mẹ́ta ní "ìgboyà" ni, ó parí. Àǹtí wa ní Yábàá ní rárá, "ìwà akíkanjú" ni. Látìgbà yẹn la ti ń fà á.

Fún ẹni tí ò bá wa níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, 10 oṣù kẹta 1967 ni, ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ irin Thai Nguyen lápá àríwá Hanoi ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ lọ fọ́. Wọ́n rán jẹ́ẹ̀tì F-105 mẹ́rin ṣáájú àwọn tó gbé bọ́ǹbù, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n kojú rédà, mísáìlì SA-2 tí wọ́n ń yìn láti ilẹ̀ àtàwọn ìbọn ńlá tó yí ibẹ̀ ká, káwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè ṣe tiwọn. Wọ́n yìnbọn lu olórí wọn, ó já lulẹ̀. Wọ́n ba jẹ́ẹ̀tì ìkejì jẹ́, ìyẹn pẹ̀yìn dà, ló bá ku Dethlefsen àti ẹnìkan ṣoṣo tó ń tẹ̀lé e. MiG-21, jẹ́ẹ̀tì ogun Vietnam Àríwá, wá gbá a tẹ̀lé, dípò kó da ẹrù bọ́ǹbù rẹ̀ nù kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ńṣe ló sọ ara rẹ̀ sáàárín ìbọn tó ń bú láti ilẹ̀, torí ó mọ̀ pé MiG yẹn ò ní fẹ́ wọ ibẹ̀ tẹ̀lé òun. Ìbọn bà á lóòótọ́. Ó yẹ jẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó ṣì ń gbọ́ràn, ó rí i pé ó ń gbọ́, ló bá tún yí padà lọ bá wọn, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, títí ó fi lu àwọn ibùdó mísáìlì tó wá bá jà. Lọ́dún 1968 ni Ààrẹ Johnson fi Medal of Honor kọ́ ọ lọ́rùn, kò sí èyí tó ga jù ú lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìgboyà ò tó. Inú àyà ni ìgboyà wà, èèyàn lè gboyà kó má sì ṣe nǹkan kan. À ń gboyà lọ bá ọ̀gá ká lówó oṣù ò tó, à ń gboyà lọ sọ fún bàbá ìyàwó pé ọjọ́ ìgbéyàwó ti yẹ̀. Ti akíkanjú tiẹ̀ tún burú díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tó dáa ni tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ àwa la bà á jẹ́, gbogbo ẹni tó bá ti ń fẹ̀yìn tì ní Alausa ni "òṣìṣẹ́ akíkanjú", kódà ẹni tí ò wá síbi iṣẹ́ rí lọ́jọ́ Fúráìdé. Ẹnìkan dárúkọ ògbójú, ìyẹn wù mí, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ní ọmọ òun gbójú, ṣé ẹ rò pé ó ń yìn ín ni?

Akin ló wà níbẹ̀ jàre. Ó wà nínú orúkọ wa, Akíntọ́lá, Akínwálé, Akínyẹlé, a sì ń sọ pé èèyàn hùwà akin, kò sẹ́ni tó ń sọ pé èèyàn ní akin nínú. Ohun tí ọwọ́ ṣe táráyé rí ni. Torí náà fún èmi, ìwà akin ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa jókòó sínú yàrá kó máa rọ ọ̀rọ̀ tuntun.

Bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó mú Ẹ̀ṣọ́ wá, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n ní ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ jà ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà ó kú sógun. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn létí. Àmọ́ lónìí tí ẹ bá pe páílọ́ọ̀tì ní ẹ̀ṣọ́ lórí rédíò, ẹni tó ń ṣí géètì ní ẹ́sítéètì ni ará Lekki máa rò.

Ibi tó wá le ni apá kejì gbólóhùn yẹn, èyí tó ní ó ṣe é kọjá ohun tí iṣẹ́ ní kó ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà, torí kì í ṣe wíwọ inú iná ni wọ́n ń yìn, ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wọ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìbọn ti bà á, tí olórí rẹ̀ ti já, tó bá pẹ̀yìn dà kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Pípadà yẹn ni akin. Ẹ wo Leo Thorsness náà, páílọ́ọ̀tì F-105 bíi ti Dethlefsen, 19 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, wọ́n yìnbọn já jẹ́ẹ̀tì ẹnìkejì rẹ̀ lulẹ̀, àwọn méjèèjì inú rẹ̀ fò jáde pẹ̀lú páráṣúùtì, Thorsness ń yí wọn ká, ó já MiG kan, epo ń tán lọ, ó lọ gba epo lójú òfúrufú ó tún padà wá. Nígbà tó wá tún nílò epo, ó gbọ́ pé ẹlòmíì ti fẹ́ẹ̀ jábọ́ torí epo, ló bá ní kí wọ́n fún ìyẹn, òun sì fi èyí tó kù rọra rá dé ibùdó òfúrufú Udorn ní Thailand. Kí ẹ tó mọ̀, 30 oṣù yẹn ni wọ́n já òun náà, ó ṣẹ̀wọ̀n nǹkan bí ọdún mẹ́fà, wọn ò sì kéde Medal of Honor tiẹ̀ títí ó fi jáde ní 1973.

Ẹ tún wo Bob Pardo, páílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà mìíràn. Thai Nguyen kan náà, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Dethlefsen! Epo ń dà nínú jẹ́ẹ̀tì F-4 ẹnìkejì rẹ̀, Pardo ní kí ìyẹn sọ ìkọ́ tó wà nídìí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá fi gíláàsì iwájú jẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ti ìkọ́ náà títí wọ́n fi dé Laos káwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fò jáde, kò sẹ́ni tó kú. Ìbáwí ni wọ́n kọ́kọ́ bá a wí pé ó sọ jẹ́ẹ̀tì nù, 1989 ni wọ́n tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Silver Star. Nítorí náà Bọ̀dá Sùúrùlérè, ẹ kọ ọ́ báyìí: "ìwà akin tó kọjá iṣẹ́ rẹ̀." Kò gùn jù, ìyá ọlọ́jà ní Òyìngbò á gbọ́ ọ.

Ti air defense, ìyẹn àwọn rédà, mísáìlì àti ìbọn tó ń ṣọ́ òfúrufú ìlú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ "ìdáàbòbò ojú òfúrufú" kúrò, ó ń dún bí àdúrà. Mo fara mọ́ "odi òfúrufú" tí àbúrò wa ní Mushin mú wá. Wọ́n ní odi kì í kúrò lójú kan, SA-2 sì ń ṣí kiri, òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó ń ṣe fún ìlú la fi sọ ọ́ lórúkọ. Àbúrò yìí kan náà ló ní ká pe iṣẹ́ àwọn Dethlefsen ní "sísọ odi dodi". Mo rẹ́rìn-ín títí! Ó sì bọ́ sí i gan-an ni o, torí mísáìlì Shrike tí wọ́n ń lò nígbà náà, ìtànṣán rédà ló ń tẹ̀ lé lọ síbi tí rédà wà. Tí ẹni tó wà nídìí rédà bá tanná ẹ̀, Shrike á bá a, tó bá paná ẹ̀, SA-2 rẹ̀ ò ríran mọ́. Wọn ò ní láti pa á, kó ṣáà ti panu mọ́ títí àwọn oníbọ́ǹbù á fi kọjá.

Wild Weasel ni wọ́n ń pe àwọn páílọ́ọ̀tì wọ̀nyí, weasel jẹ́ ẹranko kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, ẹ má fi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ túmọ̀ ẹ̀. Adọdẹ-ọdẹ ni mo mú wá. Wọ́n ń jẹ́ kí ọdẹ rí wọn kí wọ́n lè rí ọdẹ. Àmọ́ ẹ fi àmì sí i o, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lásán ẹnìkan á kà á sí ọ̀dẹ̀, ìdílé èèyàn á sì bínú.

Ẹnìkan ṣì kù tí a ò tíì fún lórúkọ. Àwọn méjì ló ń wà nínú F-105F. Gilroy ló jókòó sẹ́yìn Dethlefsen, Harold Johnson ló wà lẹ́yìn Thorsness, àwọn ló ń fetí gbọ́ ohùn rédà nínú headphone tí wọ́n á sọ ibi tó ti ń bọ̀. Iná kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, Air Force Cross ni wọ́n fún àwọn, ó fi ipò kan rẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní. "Agbọ́rédà" ni mo rí, kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn kó mú un wá, kó ṣáà má kọ "igbákejì awakọ̀" sí mi, wọn kì í ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ dánfó.